Èkó sí Atlanta: ṣé bàálù tí kì í yà ni, àbí èyí tó ń yà?

Ká ní èèyàn lè na okùn láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Ìkẹjà dé Hartsfield-Jackson ní Atlanta, okùn náà á gùn tó nǹkan bíi 9,400 kìlómítà. Bàálù tí kò yà síbì kankan ń lo bíi wákàtí 12 àbọ̀ tó bá ń lọ. Tó bá ń bọ̀, ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìwọ̀ oòrùn ni ìjì òkè ti ń fẹ́ wá: àlọ ló ń dojú kọ ọ́, àbọ̀ ló ń tì í lẹ́yìn.

Ẹ wá wo ti Lọ́ńdọ̀nù. Èkó sí Heathrow jẹ́ bíi 5,000 kìlómítà, wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Heathrow sí Atlanta tún jẹ́ bíi 6,760, ó lé ní wákàtí mẹ́sàn-án. Kò burú lójú ìwé. Ìjókòó de bàálù kejì ní Heathrow ló ń dáni lóró. Nígbà tí mo mú màmá mi gba ibẹ̀, wákàtí márùn-ún la fi ń wojú ara wa. Wọ́n ti bọ́ bàtà nínú bàálù àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Sálúbàtà ni màmá fi wọ Amẹ́ríkà nínú òtútù oṣù kejì. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn fúnra wọn ló ní kí n fi owó aṣọ ọdún àwọn kún tíkẹ́ẹ̀tì èyí tí kì í yà.

Ti Addis Ababa ńkọ́? Ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn á kọ́kọ́ fò bíi 3,900 kìlómítà sí ìlà oòrùn, bí ẹni tó ń ti Èkó lọ Ìbàdàn tó kọ́kọ́ gba Badagry. Gbogbo rẹ̀ lé ní 16,000. Àfi tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ gan-an, tí ara yín sì le.

Ẹ má jẹ́ kí aago orí tíkẹ́ẹ̀tì tàn yín o. Nígbà òtútù, Èkó fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú Atlanta. Nígbà ooru, márùn-ún. Bàálù tó gbéra ní aago 11 alẹ́ lóṣù kìíní lè balẹ̀ ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, kẹ́ ẹ wá rò pé wákàtí mẹ́fà àbọ̀ péré ni.

Bí wọ́n bá sì ní "tààrà ni", ẹ bi wọ́n bóyá kò ní balẹ̀ níbì kankan lójú ọ̀nà, torí òmíràn ń balẹ̀ gba epo, nọ́ńbà rẹ̀ ò sì ní yí padà. Ẹ tún bèèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni. Tó bá jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà, tí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ìkejì ò ní dúró dè yín, àpò yín náà lẹ ó sì tún kì láti ra òmíràn.