Ọ̀pá tó ń wọn omi inú ilẹ̀: ohun tí mo rí nínú oko ata mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá oko ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ra ọ̀pá yìí. Èyí tó lójú bí aago ni mò ń sọ, tí kò lo bátìrì, tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10. Nígbà tí mo rà á ní Ṣágámù, owó rẹ̀ kò ju ti gálọ́ọ̀nù epo méjì lọ.

Ata àti ẹ̀fọ́ ni mò ń gbìn nítòsí Ìkẹ́nnẹ́, lórí ilẹ̀ gíga. Ẹni tó ń dáko sí àkùrọ̀ lè má nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí a ń fi pọ́ǹpù fa omi, epo ló ń jẹ èrè wa. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ojú ilẹ̀ á funfun, á sì máa sán. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á ní, "Màmá, ilẹ̀ ti gbẹ o, ṣé kí n tan pọ́ǹpù?" Mo ní kó kọ́kọ́ ki ọ̀pá bọ ẹ̀gbẹ́ ìdí ata, kó jìnnà díẹ̀ sí gbòǹgbò, kó sì wọlé dáadáa. Abẹ́rẹ́ lọ dúró sórí 7. Omi ṣì wà nísàlẹ̀ níbi tí ata ti ń mu ún! Níbi tó jẹ́ yanrìn nínú oko kan náà, 3 péré ló dé, ibẹ̀ nìkan la sì bomi rin lọ́jọ́ náà.

Ẹ má kàn gba nọ́ńbà rẹ̀ bí òfin. Irin oríṣi méjì tó wà lẹ́nu ọ̀pá náà ló ń mú iná kékeré jáde bí ó bá kan ọ̀rinrin, iná yẹn ló ń ti abẹ́rẹ́. Iyọ̀ wà nínú ajílẹ̀ alápò: bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n ọn, abẹ́rẹ́ á fò ju bí omi ṣe tó lọ. Ẹ wọn ilẹ̀ tiyín nígbà tó rin gbingbin, ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ewé ata bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, kí ẹ mọ nọ́ńbà tí omi tó àti èyí tí kò tó.

Bí ilẹ̀ bá le, ẹ fi irin mìíràn lu ihò fún un, torí ó máa ń tẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ di ọjọ́ kejì, á dípẹtà. Ẹ fà á yọ, ẹ nù ún gbẹ. Àwọn ọ̀pá kan tún ń wọn pH, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe kan tó, pẹ̀lú. Ti pH yẹn kò já mọ́ nǹkan kan lójú tèmi, ẹ má sanwó kún owó nítorí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí yóò máa gbé inú ilẹ̀, tí yóò sì máa ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kó béèrè fún oríṣi ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní capacitive. Irin inú rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, nítorí náà kì í tètè jẹ. Orí rẹ̀ níbi tí wáyà wà ni kò fẹ́ omi. Kútẹ́ẹ̀sì tí à ń kùn sí èékánná ni kí wọ́n fi kùn ún dáadáa kí wọ́n tó rì í.