Mo sanwó ikùn, orí ni wọ́n bá mi tọ́jú

Inú ọyẹ́ ni mo bí ọmọ mi kejì, ní Kábà níbí, lóṣù Kejìlá. Ẹ mọ bí ọyẹ́ wa ṣe ń ṣe: ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, ara á máa funfun bí ẹni tó yí nínú eérú. Lọ́jọ́ kejì ìkómọ, tí àlejò ti lọ tán, mo wo dígí. Ojú mi ti wú, irun tí mo dì láti inú oyún ti di ẹ̀gbin, ikùn sì ṣì yọ síwájú bí ẹni pé èkejì ọmọ ṣì ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi ò sọ púpọ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, a óò pe màmá tó máa ń wẹ ìyá ìkókó."

Màmá yìí ò ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ló ń bá èèyàn. Ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń gbé. Ọjọ́ mẹ́wàá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ₦30,000. Òrí, osùn, ọṣẹ dúdú àti ewé wà nínú owó yẹn. Ohun tí kò sí níbẹ̀, tí ẹnì kankan ò sì sọ fún mi, ni gáàsì. Ìkòkò omi ńlá méjì lójoojúmọ́! Lọ́jọ́ kẹfà ni sìlíńdà mi tán, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ nítorí ìkómọ ni.

Kì í pẹ́ dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn fún un. Aago méje ò ní tíì lù tí ẹ máa gbọ́ "Òkun o! Ìyá ọmọ ńkọ́?" lẹ́nu ọ̀nà, bí a ṣe ń kíni níbí nìyẹn. Á da ewé dógóyárò àti ẹ̀fínrín sínú omi, á rẹ tówẹ́ẹ̀lì, á fi jó ikùn, ìbàdí àti ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi náà gbóná débi pé mo ké. Ó ní àfi kó gbóná kó tó wọra. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n rán mi lójú ara o. Nọ́ọ̀sì ní omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí n jókòó sí, kì í ṣe èyí tó ń hó." Ó kùn díẹ̀ pé àwọn ọmọ ayé òde òní ò lè fara da nǹkan. Àmọ́ láti ọjọ́ kejì, ó máa ń ki ìgúnpá ara rẹ̀ bọ omi kó tó kan èmi. Mo gbóríyìn fún un nítorí ìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ ní tirẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ikùn rẹ̀ o, àfi bí dọ́kítà bá ní ó ti yá.

Ó yá, ikùn tí mo torí ẹ̀ sanwó. Àǹkárá ọ̀pá méjì ló fi ń dì mí, láti abẹ́ ìhà dé ìbàdí. Ẹ̀yìn mi gbádùn rẹ̀ gan-an nígbà tí mo bá jókòó fún ọmọ lọ́mú, ṣùgbọ́n tó bá ti dì í le jù, iyán ò ṣeé jẹ yó. Mo fi téèpù télọ̀ wọn ikùn mi: íńṣì 38 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 36 àbọ̀ lọ́jọ́ kẹwàá. Màmá ní, "Ṣé o rí i?" Mo rí i, ṣùgbọ́n ilé ọmọ fúnra rẹ̀ máa ń sún kì padà díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, yálà wọ́n dì í tàbí wọn ò dì í. Lọ́kọ́ja ni mo ti bí àkọ́bí mi, ẹnikẹ́ni ò dì mí ní nǹkan kan, ikùn yẹn náà sì lọ.

Osùn dára lára, ó mú kí awọ ara mi rọ̀. Aṣọ ibùsùn mi ló fara gbá a, títí dòní ó ṣì pọ́n.

Lọ́jọ́ keje ó mú ike kékeré kan jáde, ìpara tí ẹnì kan bá a pò, pé yóò "mú ojú mọ́". Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Ọmọ tó ń fi ẹnu nu àyà mi látàárọ̀ dalẹ́! Mo dá a padà, kò sì bínú.

Orí mi ló wá kàn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ló ní kí n jókòó sórí àpótí kí òun tú irun náà. Ó fara balẹ̀ tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fa ọ̀kankan já. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọyẹ́ ti sọ òrí di òkúta nínú igbá, ó gbé igbá náà lé omi gbígbóná títí ó fi yọ́, ó wá ń fi ìka wọ́ ọ sí mi lórí, láti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn mí, nǹkan ló ń yẹ̀ wò tàbí nǹkan ló ń gbà. Mi ò mọ ìgbà tí mo sùn lọ lórí ìjókòó. Wọ́n ní wákàtí méjì ni, màmá ti pọn ọmọ, ó ń bá ìyá ọkọ mi ṣa ẹ̀wà. Mo jí, mo sunkún díẹ̀, ebi sì ń pa mí. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ikùn sílẹ̀ kó mú orí.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní lórí orí yìí ni pé ó ṣèlérí pé irun mi ò ní jábọ́. Ó jábọ́! Àsìkò abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọmọ ló bẹ̀rẹ̀, ó ń kún kóòmù. Nọ́ọ̀sì tó fún ọmọ lábẹ́rẹ́ ló ṣàlàyé: nínú oyún, irun tó yẹ kó ti já kì í já, lẹ́yìn ìbímọ ló máa ń já pọ̀, yóò sì padà hù kí ọdún tó yípo. Kò sí òrí tó lè dá a dúró.

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Ìyàrá máa bímọ láìpẹ́. Mo ti bá màmá dúnàá dúrà fún un: orí àti ẹ̀yìn nìkan, ọjọ́ mẹ́rin, ₦12,000, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Màmá gbà. Mo wá ní kó fi gáàsì kún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé òun dà bí ẹni tó ń ta gáàsì ni.