Ọdún mẹ́ta tí mo lò lórí ètò JET ní Jàpáàn

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Peckham, ní London, kò yé bi mí bóyá ètò JET tó ohun tí èèyàn ń fi ilé sílẹ̀ lọ ṣe. Ó tó o. Àmọ́ ohun tí mo tìtorí ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí ohun tí mo bá bọ̀.

Ìjọba Jàpáàn ló dá ètò náà sílẹ̀ ní 1987, tí wọ́n ń gba àwọn tó ti gboyè yunifásítì wá láti òkè òkun. ALT ló pọ̀ jù nínú wa: ẹni tó ń ran olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nínú kíláàsì. Ọdún kan ni àdéhùn, èèyàn sì lè tún un ṣe títí di márùn-ún. Ètò náà ló san owó bàálù mi lọ. 3,360,000 yen ni owó iṣẹ́ mi lọ́dún àkọ́kọ́, kí wọ́n tó yọ owó orí.

Ẹ lè kọ ìlú tó wù yín sínú fọ́ọ̀mù, àmọ́ àwọn ni yóò pinnu. Osaka ni mo kọ. Ìlú kékeré kan ní Akita, lápá àríwá, ni mo bá ara mi, níbi tí yìnyín ti bo fèrèsé. Sítóòfù kẹrosíìnì ló ń mú ilé mi gbóná. Òórùn rẹ̀ nìkan ló jọ ti ilé ìyá àgbà mi ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́ kò sì ràn mí lọ́wọ́: bí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, wọ́n á ní kí n ṣì wá jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́, láìsí iṣẹ́ kankan.

Oṣù mẹ́fà gbáko, n kò lọ́rẹ̀ẹ́. Wọ́n á tẹrí ba, èmi náà á tẹrí ba, a ó rẹ́rìn-ín síra wa, ó parí. Ohun tó yí i padà ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ bí ẹnì kan bá ń kúrò níbi iṣẹ́: "otsukaresama". Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbé dání ní ó jẹ mọ́ pé ó ti rẹ èèyàn. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ kú iṣẹ́ mà ni! Gẹ̀ẹ́sì ni kò nírú ẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo èèyàn nìyẹn: igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ ọmọ iléèwé, màmá tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì.

Màmá yẹn ló pè mí lọ gún mochi, ìrẹsì gígún wọn tó dà bí iyán, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá. Wọn kì í gún un ní 29, torí pé bí wọ́n ṣe ń pe mẹ́sàn-án jọ bí wọ́n ṣe ń pe ìyà. Wọ́n da ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́wọ́, gbígbóná, sínú odó. Odó! Ọmọ Èkìtì ni mí, ta ni yóò kọ́ mi ní iyán gígún? Àṣé òòlù onígi gbàǹgbà ni ọmọ odó tiwọn, à ń jù ú sókè bí ẹni ń la igi. Bí mo bá ti gbé e kúrò, màmá á ti ọwọ́ tútù bọ̀ ọ́ láti yí i. Ìgbà kejì báyìí, díẹ̀ ló kù kí n bá wọn lọ́wọ́! Wọ́n pariwo, wọ́n wá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n sì kọ́ mi bí a ṣe ń fi orin "yoisho" ṣe é kí ọwọ́ àti òòlù má baà pàdé.

Lọ́dún kejì, mo fi ẹ̀gúsí tí mo gbé wá láti London jẹ mochi wọn. Màmá ní ó dùn. Ife omi mẹ́rin ni wọ́n mu.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ètò JET. Tí Tokyo nìkan lẹ bá fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ gbé bàtà yìnyín dání láti ilé: nọ́ńbà 12 ni mò ń wọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìlú náà kò ní in.