Káàdì dọ́là tí mo gbé lọ sí Mẹ́kà, àti dọ́là tí ìyá mi dì sétí ìró

Aago kan òru ti lé díẹ̀, a wà ní ilé oògùn kan ní òpópónà Ibrahim Khalil ní Mẹ́kà, èmi àti ìyá mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lílọ bíbọ̀ Sọ́fá sí Mọ́rúwà ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe Ọ́múrà rí mọ̀ pé ìrìn méje yẹn kì í ṣeré fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orúnkún òsì wọn ti wú bíi tùbànì. Olóògùn náà, ọmọ Íjíbítì ni, ó kó oògùn ìrora àti ìpara àti nǹkan fífà kan tí wọ́n ń kì bọ orúnkún sórí káńtà, ó ní rìyálì 92.

Mo na káàdì sí i. POS dún, ó kọ̀. Mo tún fi sí i, ó kọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta mo rọra ń tẹ PIN bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà, ó tún kọ̀. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn mi, ọkùnrin kan gbé ọmọ tó ń sunkún dání, ló bá di pé olóògùn wojú mi ó ní "no money". Èmi! Dọ́là 640 ló wà lórí káàdì yẹn, mo ṣì wò ó lórí áàpù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni.

Ìyá mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n jókòó sórí àga rọ́bà tó wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdì kan létí ìró abẹ́. Nígbà tí wọ́n máa yíjú padà, dọ́là ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ni wọ́n ká sínú ọ̀rá, ó ń rùn kánfọ̀. Wọ́n ní "mo mọ̀ pé pálí yẹn á dójú tì ẹ́." Látìgbà tí mo ti gba káàdì yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní pálí. Èmi ni mo sọ fún wọn ní Ìlọrin pé kí wọ́n má wulẹ̀ ra kéèṣì, àṣé wọ́n ti gba ẹ̀yìn mi lọ sọ́dọ̀ onídọ́là kan tí wọ́n mọ̀ ní ìsàlẹ̀ Òjà Ọba.

Olóògùn ò gba dọ́là o. Ó nawọ́ sí òdìkejì títì, àwọn tó ń ṣẹ́ owó ṣì ṣílẹ̀ lóru yẹn, wọ́n fún mi ní 373 lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kan. Iye yẹn dáa gan-an, torí láti 1986 ni Saudi ti so rìyálì mọ́ dọ́là ní 3.75, kò sí pé ẹnì kan fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ púpọ̀. Ẹni tó bá gbé náírà wọ ibẹ̀ nìkan ló máa sunkún.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe gba káàdì yìí. Bánkì náà, mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ̀ka wọn kan wà nínú ìgboro Ìlọrin. Mo fẹ́ ra PTA, ìyẹn dọ́là tí bánkì máa ń tà fún arìnrìnàjò, dọ́là 1,000 péré nínú 4,000 tí wọ́n fàyè gbà fún èèyàn láàrin oṣù mẹ́ta, ẹ sì rántí pé láti oṣù kejì 2024 ni CBN, bánkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ní kí bánkì má fi kéèṣì san án mọ́, ọ̀nà ẹ̀rọ bíi káàdì tí wọ́n máa rọ dọ́là sí ni. Mo kó páásípọ́ọ̀tù, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ, ojú ẹ̀ ò kúrò lórí fóònù, ó ní "ọjọ́ méjì, mà." Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo rí káàdì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Tanke wá bá a, lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì ní "ó kù díẹ̀, mà." Nígbà tó wá kó o fún mi, omi ti kan ìwé PIN tó wà nínú ẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá 3 ni àbí 8. Mo ní ṣé ó máa ṣiṣẹ́ ní Saudi ṣá? Ó ní "gbogbo ayé, mà." Mo ka "mà" méje lẹ́nu ọmọ yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan tó wúlò mú kúrò níbẹ̀.

Ká padà sí Mẹ́kà. Mo fi oògùn pa orúnkún ìyá mi, mo wá jókòó sójú àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì, mo pe nọ́ńbà kọ́sítọ́mà kéà. Orin. Tẹ 1, tẹ 2. Orin. Kírẹ́dìtì láìnì Saudi tí mo rà tán lójú orin. Inú ń bí mi débi pé mo ti ń kọ rífíù yìí sínú fóònù nígbà yẹn, ẹ bá ka tibẹ̀ yẹn, wàláì, èébú ni.

Mo wá rántí pé obìnrin kan ní ẹ̀ka wọn fún mi ní nọ́ńbà WhatsApp ẹ̀. Aago méjì òru ni níbẹ̀, méjìlá ni nílé. Mi ò tiẹ̀ retí èsì. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi vóòsì nóòtù ránṣẹ́, ọmọ jòjòló ń ké lẹ́yìn ẹ̀, ó ní "ẹ má bínú Hajia, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó." Ó wá bi mí pé láìnì Nàìjíríà mi ńkọ́?

Láìnì Nàìjíríà mi wà nínú pọ́ọ̀sì kékeré, mo fi pínnì há a mọ́ inú báàgì, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n gbowó rómíìn, owó lílo láìnì ilé nílẹ̀ òkèèrè, lọ́wọ́ mi. Mo kì í bọ fóònù. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì mẹ́rin ya wọlé léraléra. Bánkì ni. Wọ́n ní ẹnì kan ń gbìyànjú àti gbowó ní ATM ní Mẹ̀dínà, PIN ẹ̀ ò bọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ṣé èmi ni, kí n dáhùn, tí mi ò bá dáhùn wọ́n á ti káàdì pa. Èmi náà ni, 3 àti 8 yẹn ló fà á!

Ojú tì mí díẹ̀. Díẹ̀ ni o, torí ọmọ oníkóòtù yẹn kàn lè sọ pé "mà, ẹ má yọ láìnì yín" ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n obìnrin yẹn ti bá mi ṣí káàdì, ó dúró tì mí títí mo fi gbéra lọ ra omi rìyálì kan láti dán an wò.

Àtìgbà yẹn, àlìhámúdù, káàdì náà ò kọ̀ mọ́. Súpámákẹ́ẹ̀tì abẹ́ ilé aago, ṣọ́ọ̀bù onídàbínù, tíì rìyálì mẹ́ta, ó gbà. Ibi tó tún ti jẹ mí lówó ni ATM. Mo fẹ́ gba 500 rìyálì, ẹ̀rọ bi mí bóyá kí òun ṣírò ẹ̀ sí dọ́là fún mi lójú ẹsẹ̀, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, dọ́là 141 ló yọ. Nígbà kejì mo tẹ rárá, ó yọ 133 àti dọ́là mẹ́ta owó iṣẹ́ bánkì mi. Ẹ tẹ rárá.

Àwọn ọ̀nà yòókù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Káàdì náírà, mo mú un dání, kò ṣiṣẹ́ rárá, lóòótọ́ wọ́n ní àwọn bánkì kan ti ń ṣí i padà. Káàdì dọ́m àkáǹtì, ìyẹn àkáǹtì owó ilẹ̀ òkèèrè ní bánkì, dáa, àmọ́ gbogbo owó inú àkáǹtì ló so mọ́ ọn, ti pálí, ìwọ̀nba tó o bá rọ sí i lolè lè kó. Fáṣúà káàdì orí fóònù ò lè wọ inú ATM. Aládùúgbò mi kan kó náírà fún ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Ìlọrin, wọ́n fún un ní rìyálì ní Mẹ́kà, ó bọ́ sí i, àmọ́ èmi ò lè sùn tó bá jẹ́ tèmi.

Dọ́là 87 ló kù sórí káàdì tá a fi dé. Mo lọ bá ọmọ oníkóòtù pé mo fẹ́ gbà á padà, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní "ọjọ́ méjì, mà." Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé.

Máàkì: 4 nínú 5, ti obìnrin WhatsApp yẹn ni mo fi sọ́kàn. Ìyá mi ní kí n kọ tàwọn náà síbẹ̀: 0. Dọ́là tó kù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti tún un dì sétí ìró.