Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ìrìn-àjò ẹja flounder ní Galveston nínú oṣù kọkànlá

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, àgàgà ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àtimáa lọ pẹja ní Galveston, ìlú etíkun Texas, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ọkọ̀ ojú omi àti ẹja flounder lu àwọn èèyàn ní jìbìtì. Ó gba $1,100 lọ́wọ́ mi, ó tún já mi jù sílẹ̀ lójú àna mi kí agbófinró wá bá mi níbẹ̀. Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀. Orúkọ tó sọ fún mi kì í ṣe tiẹ̀, ó sì ti pààrọ̀ èyí tó wà lójú ìwé rẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Bàbá ìyàwó mi ló wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá mọ ará Ẹ̀pẹ́ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹja kì í ṣe eré lọ́wọ́ wọn. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí Bàbá sí, ó ti ń ju ìwọ̀ sómi kó tó di pé wọ́n fi í sí iléèwé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti ń wo ẹja dídì tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń mi orí. Mo wá sọ fún ìyàwó mi pé n ó gbé Bàbá lọ sójú omi kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fa ẹja Texas jáde. Ṣé ìyẹn burú? Ẹ sọ fún mi bó bá burú.

Ìpolówó ọkùnrin yẹn dùn ún wò. Flounder inú oṣù kọkànlá, kúlà yín á kún, ìwé àṣẹ ìpẹja wà nínú owó, èèyàn mẹ́jọ lè wọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì jọ òótọ́, torí ẹni tó bá ti pẹ́ ní etíkun yìí mọ̀ pé bí otútù bá ti ń wọlé láti àríwá, flounder a máa kó jáde nínú ọ̀sà Galveston, wọ́n a gba ẹnu omi Bolivar Roads bọ́ sójú òkun lọ yé ẹyin. Ẹja pẹlẹbẹ ni, ojú rẹ̀ méjèèjì wà lápá kan, ilẹ̀ abẹ́ omi ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń jáde yẹn ni ọwọ́ apẹja máa ń tó wọn jù. Ohun tí olè yìí fi pa mọ́ fún mi ni pé ìgbà yẹn gan-an ni òfin Texas ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Láti ọdún 2021 ló ti rí bẹ́ẹ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 14 oṣù kejìlá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú flounder lọ sílé. Ẹyọ kan, rárá! Ẹja tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má gbé lọ sílé ló tà fún mi, ó sì gba owó rẹ̀ kí n tó rí omi.

Ẹ má sọ pé n ò béèrè. Mo béèrè. Mo ní kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn mí. Ó fi fọ́tò ìwé kan tó ní àmì Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi Amẹ́ríkà, ránṣẹ́, orúkọ ibẹ̀ sì bá orúkọ tó pe ara rẹ̀ mu. Kí ni kí n tún ṣe? Ṣé kí n máa pe Coast Guard lóru ni? (Àbúrò ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó máa wí. Òun náà wà nínú ọkọ̀ yẹn, kò sọ nǹkan kan kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́.)

Mo fi $550 ránṣẹ́ lórí Zelle, ètò tí èèyàn fi ń fowó ránṣẹ́ láti báǹkì lórí fóònù, owó àsansílẹ̀. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí ọ̀la ku ọ̀la, tí ìyàwó mi ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín tá a máa gbé lọ, ìwé rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Ó ní àwọn kan láti Dallas ti gbé owó kalẹ̀, ọkọ̀ ni wọ́n ń wá, kí n san èyí tó kù kí aago mẹ́wàá tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á kó wọn. Mo wo Bàbá níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ti dé fìlà tí àwọn ọmọ mi rà fún wọn, èyí tí wọ́n ya ẹja sí níwájú, wọn ò sì tíì bọ́ ọ láti ọ̀sán. Mo tẹ̀ ẹ́. $550 mìíràn. Ìwọ tó ò ń kà á lọ tó ò ń yínmú, tí àna rẹ bá dé fìlà ẹja jókòó sí pálọ̀ rẹ, kí lo máa ṣe?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ a ti kúrò ní Alief, àdúgbò wa ní Houston, a gba ọ̀nà I-45, a ré afárá Galveston kọjá. Èmi, Bàbá, àbúrò ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi ọkùnrin méjì àti ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó gbé ọkọ̀ wá bá wa kì í ṣe ẹni inú fọ́tò. Ó ní àbúrò ọ̀gá ni òun. Okùn ìdákọ̀ró rẹ̀ ti fọ́n sílẹ̀, ìjókòó kan ti ya, omi wà nínú ọkọ̀ tó fi ike ń gbọ́n jáde kí a tó gbéra. Life jacket mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin, fún èèyàn méje! Bàbá fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n rọra bi mí ní Yorùbá pé, “Ọmọ yìí, ṣé òun ló ni ín?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa fún àna mi láàárọ̀ kùtùkùtù, nítorí olè.

A ò tíì kúrò ní èbúté tó tún fi na ọwọ́: $120, owó epo àti owó ìdẹ, ó ní ìyẹn ò sí nínú ti tẹ́lẹ̀. Owó ọwọ́ ló fẹ́. Mo san án, torí àwọn ọmọ ti wọkọ̀. Ìdẹ wo ló wá fún wa? Edé tó ti kú, tó dì pọ̀ nínú ọ̀rá, tó ń rùn dé àyà. Ààyè edé ni wọ́n ń tà fún apẹja ní etí omi Galveston, tó ṣì ń ta pọ́nún nínú garawa. Ó dákọ̀ró síbi tí kò jìnnà sí ọ̀nà àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá tó ń lọ sí Houston, gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá kọjá ni ìgbì ń da mọ́ín-mọ́ín wa nù. Hardhead la kàn ń fà jáde, ẹja onírunmú kékeré tí ẹ̀gún rẹ̀ lóró. Ó gún ọ̀rẹ́ mi láàárín ìka, ọwọ́ rẹ̀ wú títí di ọjọ́ kejì.

Bàbá ló kọ́kọ́ fura. Wọ́n ti wo fọ́tò ìpolówó yẹn títí lórí fóònù mi nílé, torí àwọn igi tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ inú rẹ̀, àwọn igi inú omi tí gbòǹgbò wọn là sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn, irú èyí tó wà létí ọ̀sà wọn. Wọ́n wò yíká, koríko ni wọ́n rí. “Igi yẹn dà?” Kò sí igi. Florida ni wọ́n ti ya fọ́tò yẹn. Ẹja tí ọkùnrin inú rẹ̀ gbé dání, tó ní ìlà dúdú gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, snook ni. Florida ló pọ̀ sí. Bó bá jẹ́ ti Texas, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún nítòsí Mexico lẹ ti máa rí i dáadáa, kì í ṣe Galveston. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ “ìwé àṣẹ wà nínú owó” náà, Florida ló ti jí i. Lọ́hùn-ún, ìwé ọkọ̀ máa ń bo àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ní Texas, kálukú ló ń gba tirẹ̀, àyàfi àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 17 àti àwọn àgbàlagbà kan tí òfin yọ sílẹ̀. A ò ní. Gbogbo wa tó yẹ ká ní, a ò ní.

Nǹkan kan ṣì dáa lọ́jọ́ yẹn, n ò ní purọ́. Bàbá fa redfish kan jáde. Wọ́n kígbe pé, “Àpò!” Wọn ò jìnnà sí òótọ́, ìbátan ni redfish àti ẹja àpò. Àwọn ọmọ mi ya fọ́tò wọn. Ẹja náà kéré, mo bi ọkùnrin yẹn bóyá ká dá a padà sómi, ó ní ká gbé e sí kúlà jẹ́jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá tirẹ̀ mú flounder méjì, ó sọ wọ́n sínú kúlà wa, ó ní ẹ̀bùn ni, ìpín tòun, iye ẹja tí òfin gba ẹnì kan láyè láti mú lójúmọ́, ló fi kún tiwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́!

Ó wá dá wa padà sí etí omi, ó ní ká kó ẹrù sọ̀kalẹ̀, òun fẹ́ lọ gbé mọ́tò tó ń fa ọkọ̀ wá. A kó kúlà sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ yẹn yà lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ tó so mọ́lẹ̀, ó lọ, ó lọ pátápátá. Game Warden, agbófinró tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja àti ẹran ìgbẹ́, ló dé, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó kí wa dáadáa, ó ní ká ṣí kúlà. Ó wo flounder méjèèjì, kò sọ̀rọ̀. Ó yọ ìwọ̀n rẹ̀, ó tẹ́ redfish Bàbá lé e: ínṣì 17. 20 sí 28 ni òfin ní. Ó ní kí n mú ìwé àṣẹ mi wá. Mo ní ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ ló wà. Ó ní ọlọ́kọ̀ wo? Mo pe nọ́ńbà yẹn lójú rẹ̀, wọ́n ti pa fóònù. Mo tún un pè. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń pe fóònù tó ti kú, Bàbá sì dúró lẹ́yìn mi tí wọ́n di fìlà wọn mú lọ́wọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ló kọ fún mi. Ó kó ẹja náà lọ, ti Bàbá pẹ̀lú.

Ẹni tó fún mi ní ọmọ rẹ̀ fẹ́ ló rí i tí wọ́n ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ mi létí omi bí ọ̀daràn. N ò tíì rí ojú gbé sókè fún wọn tán. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ni, mo mọ̀ pé ó wà.

Mo kọ̀wé sí olè yẹn lálẹ́. Ó ní ọkọ̀ ti gbé wa, ẹja ti wọ kúlà, kò sí owó tó ń padà. Nígbà tí mo dárúkọ Game Warden fún un, ó dí ọ̀nà tí mo fi ń kọ̀wé sí i pa. Báǹkì mi ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi owó ránṣẹ́, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nì kankan sọ fún yín pé Zelle á gbà yín. Bí owó ọwọ́ ló rí, tó bá ti lọ, ó ti lọ.

Ìmọ̀ràn tí mo ní kò pọ̀, inú ṣì ń bí mi. Ẹ má san gbogbo owó kẹ́ ẹ tó rí ọkọ̀. Ẹ gbé fọ́tò wọn sí Google, ẹ wò ó bóyá wọ́n jí i. Ẹ béèrè ìwé fishing guide, ìwé ẹni tó ń gbowó gbé èèyàn lọ pẹja, tí Texas Parks and Wildlife, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja, ń fún wọn, kẹ́ ẹ sì yẹ ti Coast Guard wò lójú ìwé Coast Guard fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú fọ́tò. Ẹni tó bá ní èèyàn mẹ́jọ lè wọ ọkọ̀ kékeré òun, ẹ bi í ní irú ìwé tó ní, torí mẹ́fà péré ni ìwé tí ọ̀pọ̀ wọn ní fàyè gbà. Ẹni tó bá ní òun á fi ìpín tòun kún tiyín, ẹ sá. Texas ò ka ìpín guide mọ́ tàwọn oníbàárà. Ẹ gba ìwé àṣẹ yín fúnra yín. Flounder, ẹ lọ ṣáájú oṣù kọkànlá. Ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ìpolówó yẹn tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ pé kò sí irú rẹ̀ ní Galveston, ṣé ẹ ti bá a wọkọ̀ rí? Àbí ẹ̀yin àti òun lẹ jọ ń pín in? Ẹnì kan nínú yín bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ kí n tó sanwó, ó ní òun mú ẹja tó pọ̀ débi pé òun ń pín in fún àwọn ará àdúgbò. Mo padà lọ wo ojú ìwé ẹni náà: kò ní fọ́tò kankan, kò ní ọ̀rẹ́, kò sí ohun tó kọ rí yàtọ̀ sí ìyìn yẹn. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń gbé èèyàn lọ pẹja, olè ni lójú mi títí tó fi máa hàn pé kì í ṣe olè. Ẹ lè ní mo ń fi tẹnì kan ba tàwọn tó kù jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń bà á jẹ́. Àwọn tó dáa nínú wọn mọ̀ ọ́n, wọn ò pariwo rẹ̀, wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó máa jẹ wá.

Ó ti tún ṣí ojú ìwé mìíràn, orúkọ yàtọ̀, fọ́tò snook yẹn kan náà, ọkùnrin tó dé fìlà búlúù, igi lẹ́yìn rẹ̀. Ní báyìí ó ń polówó oṣù kejìlá. Bẹ́ ẹ bá ti fowó ránṣẹ́ sí i tí ọjọ́ yín kò tíì pé, ẹ kọ̀wé sí mi lónìí, kẹ́ ẹ fi ibi tẹ́ ẹ rán owó sí hàn mí. Mo ti gba nọ́ńbà ọ́fíìsì àwọn Game Warden, mo sì fẹ́ kí orúkọ wa pọ̀ lórí ẹ̀sùn náà.