Kíláàsì ọ̀pá ní Gwarinpa: ẹ̀kọ́ wọn dára, ìjà ipò ló fẹ́ bà á jẹ́

Káfíńtà ni mí. Dei-Dei ní Abuja ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Kubwa ni mo ń gbé. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, ti ń lọ kọ́ arnis ní kíláàsì kan ní Gwarinpa. Àwọn tó mọ̀ pé à ń lọ máa ń bi mí bóyá kí wọ́n mú ọmọ tiwọn náà wá. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é dáhùn lórí ìdúró, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí.

Arnis ni ìjà ọ̀pá àwọn ará Philippines. Àwọn kan ń pè é ní eskrima, àwọn mìíràn ń pè é ní kali. Ní ọdún 2009, ìjọba wọn ṣe òfin pé òun ni eré ìdárayá orílẹ̀-èdè wọn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá débẹ̀ ni wọ́n á ti ki ọ̀pá bọ̀ yín lọ́wọ́. Ibi 12 ni wọ́n ka ọ̀nà tí èèyàn lè gbà nà ọ́ sí, láti ẹ̀bátí títí dé orúnkún, a ó sì máa kà á láràárọ̀ títí yóò fi wọ ara.

Ojú káfíńtà ni mo kọ́kọ́ fi wo ọ̀pá náà. Pankẹ́rẹ́ ni, ìdílé kan náà pẹ̀lú èyí tí tíṣà fi nà wá nílé ìwé, àmọ́ èyí nípọn tó ínṣì kan, ó sì gùn ní ínṣì 28. Ọparun ní ihò nínú, pankẹ́rẹ́ kò ní. Bí igi líle bá ń lu igi líle, lọ́jọ́ kan ó máa fọ́, ẹ̀ẹ́rún rẹ̀ á sì fò séèyàn lójú. Pankẹ́rẹ́ kì í fọ́ bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ ló máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì, wàá sì ti rí i kó tó di pé ó ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní sinawali, ọ̀pá méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ara sawali ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, ìyẹn ẹní ọparun tí wọ́n ń hun fi ṣe ògiri ilé lọ́dọ̀ wọn. Tí ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n bá kojú ara wọn, tí ọ̀pá mẹ́rin ń wọnú ara wọn, kó-kó-kó, kó-kó-kó, tó bá yá ẹ ó gbọ́ òórùn bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ láti ara igi náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé iná ti mú nǹkan ní ìta.

Ọmọ Ìlọrin ló dá kíláàsì náà sílẹ̀. Dubai ló ti kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn ará Philippines tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Guro ni à ń pè é, tíṣà ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń tún ọwọ́ ọmọ mi ṣe lórí ọ̀pá. Á rọra tú ìka rẹ̀, á sún un sókè, á ní kó fi ibi tó tó fífẹ̀ ọwọ́ kan sílẹ̀ nísàlẹ̀. Kò jágbe mọ́ ọn rí. Modern Arnis ló ń kọ́ wa, èyí tí Remy Presas, ọmọ Philippines, gbé kalẹ̀. Presas ló ní kí ọ̀pá máa na ọ̀pá, dípò ọwọ́ ẹni kejì tí àwọn tayé àtijọ́ máa ń nà, torí ìka ń kán, àwọn ọ̀dọ́ sì ń sá fún un. Òbí tó bá ń bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀, kó fi èyí sọ́kàn.

Tí a bá ṣe tán, ọ̀gá á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, á máa sọ ìtàn. Ó sọ fún wa nípa ẹgbẹ́ Doce Pares tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cebu, ìlú kan ní Philippines, ní 1932, àti bí Venancio Bacon, ọ̀kan nínú wọn, ṣe yà kúrò tó sì dá Balintawak sílẹ̀ ní 1952, orúkọ òpópónà tí wọ́n ti ń ṣe eré wọn ló fún un. Àwọn méjèèjì wá di ọ̀tá ara wọn ní ìlú kan náà. Ó sọ ti Presas fúnra rẹ̀, tó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Kò pẹ́ sí i tí ilé fi tú. Eléyìí ní òun ni Presas fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́, tọ̀hún ní òun ni oyè tọ́ sí, àwọn ọmọ bíbí rẹ̀ náà ní tiwọn, oníkálukú ń darí agbo tirẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe ń sọ ọ́, ó ń mi orí. Ó ní ohun tó dun òun jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ọ̀gá kó lọ sí Kánádà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ó dágbére fún wa, ó súre fún wa. Kò sọ ẹni tó ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún.

Ẹni méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é, ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí, ọjọ́ tí wọ́n ṣí kíláàsì ló ti wà níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe. Lakan isa ni, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ nínú bẹ́líìtì dúdú. Èkejì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọdún mẹ́rin péré ló tíì lò, àmọ́ ó máa ń sanwó lọ sí òkè òkun láti kọ́ sí i, wọ́n sì ti fún un ní Lakan tatlo, ìpele kẹta. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀tàn nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Mo ti rí bó ṣe ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ èèyàn, ojú kò rí i rárá.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ eré, a máa ń tò gẹ́gẹ́ bí ipò, a ó gbé ọ̀pá sáyà, a ó tẹrí ba fún ẹni tó wà níwájú. Pugay ni wọ́n ń pè é. Ní Sátidé kan ní oṣù kejì, àwa 14 tò tán, àwọn méjèèjì sì lọ dúró síwájú, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ló wà láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó wo ẹnì kejì. Ọ̀pá wà ní àyà wa, orí wa kò tẹ̀. Ọmọ mi fà mí láṣọ, ó ní, “Dádì, ta ni ká kí?”

Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un.

Ẹ̀gbọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èkejì fèsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìpele kẹta kì í tò sẹ́yìn ìpele kìíní níbikíbi láyé.” Òótọ́ ni tẹni àkọ́kọ́, òótọ́ ni tẹnì kejì. Láyé àtijọ́, àwọn ará Philippines kò ní bẹ́líìtì nínú eskrima wọn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan ni Presas ti yá ìlànà yẹn. Ọwọ́ rẹ àti ẹni tó kọ́ ọ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ tán á gba fírídọ̀mù. Ọ̀gá á pe àwọn ẹgbẹ́ jọ, á gbé ayùn àti ráńdà lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè bi í pé ta ló ní kó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ìrẹsì ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá wa kò sè. Òun ni mo dá lẹ́bi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, torí ó mọ ìtàn náà dáadáa, òun ló sọ ọ́ fún wa.

Àwa tí à ń sanwó ni ìyà rẹ̀ jẹ. Àkáǹtì di méjì. Mo san 12,000 náírà owó ìdánwò ọmọ mi sí ti òṣìṣẹ́ ìjọba, torí òun ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé Sátidé tó tẹ̀ lé e a ṣì lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ọmọ mi kúrò nínú ìwé. Mo béèrè owó, wọ́n ní owó ìdánwò kì í padà. Ọmọ náà ti fi oṣù mẹ́ta múra. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò jẹun. Ẹ̀gbọ́n gbọ́, ó pè é jáde ní Sátidé kejì, ó dán an wò fún wákàtí kan àti ààbọ̀, kò gba kọ́bọ̀. Kò ní bẹ́líìtì tó lè so mọ́ ọn. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, “O ṣe é.”

Ẹ̀gbọ́n ti kó lọ sí ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan báyìí, lábẹ́ igi máńgòrò, aago méje àárọ̀ Sátidé, 10,000 náírà lóṣù. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré, ibẹ̀ ni kó mú un lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́: kò sí akoto, kò sí ohun ìdáàbòbò àyà. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú jímù, ẹ̀rọ amúlétutù wà, 25,000 náírà ni, akoto àti gbogbo rẹ̀ pé. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ díje, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló dára jù. Kí ẹ béèrè ìwé owó kí ẹ tó san ohunkóhun.

Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá ní Kánádà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó pe àwọn méjèèjì lórí fóònù lójú gbogbo wa, kó sọ ohun tó yẹ kó sọ ní oṣù kìíní. Ó ní òun á pè. A ṣì ń retí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a pàdé òṣìṣẹ́ ìjọba ní ibi tí a ti ń ra búrẹ́dì. Ọmọ mi kúnlẹ̀ kí i. Ó béèrè bí ọ̀pá ṣe ń lọ, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó sún àtàǹpàkò rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe máa ń ṣe é gan-an ni.