Omi ìdànù ẹ̀rọ asẹ́mi: ká fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, àbí ká fi bomi rin ọgbà?

Kí ẹ̀rọ asẹ́mi RO (reverse osmosis, èyí tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ asẹ́ kọjá) tó fún wa ní lítà 1 tó ṣeé mu, ó lè da lítà 3 tàbí 4 nù. Ó ń dùn mí, torí omi náà kò dọ̀tí. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló kàn pọ̀ sí i.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fara mọ́ jù. Iyọ̀ kò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ ki rọ́bà tín-ínrín tó ń da omi nù bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ rí i pé kò ká kọ́; bó bá kún, ẹ fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ fi nulẹ̀ pẹ̀lú.

Ọgbà náà dáa bí omi tó ń wọ inú ẹ̀rọ kò bá níyọ̀ púpọ̀. Àmọ́ iyọ̀ a máa kó jọ sínú ilẹ̀, pàápàá nínú ìkòkò òdòdó tí òjò kì í dé. Bí etí ewé bá ń gbẹ, tí nǹkan funfun sì ń hù lórí ilẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá sì ń lo ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ mú omi líle rọ̀ (water softener) kó tó dé ibi asẹ́, ẹ má tiẹ̀ dà á sídìí ewéko rárá.